Aṣọ Tó Wà Nínú Búùtù

"Ẹ tún ki imú bọ̀ ọ́, Bọ̀dá Jẹ̀lílì. Ẹ fà á símú dáadáa. Ṣé òórùn káfúrà tí Mọ́mì fi tọ́jú ẹ̀ lẹ ń gbọ́ níbẹ̀?"

Sìdíkàt ṣí búùtù mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. Láti inú àpò aṣọ funfun tó wà níbẹ̀, òórùn èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń rú jáde, èyí tí lọ́fínńdà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fín sí i tún wá sọ di ìdàkudà.

"Bíréèkì ló gbóná," ni Jẹ̀lílì wí. "Ṣí fèrèsé sílẹ̀, á lọ."

"Bíréèkì tún ń fín lọ́fínńdà?"

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Jẹ̀lílì wá yá kọ́kọ́rọ́ lọ́sibítù, níbi tí Sìdíkàt ti ń tọ́jú ìyá wọn. Ó ní òun fẹ́ sáré ra iṣu ní Brixton, nínú Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀. Iṣu di Wales. Ó so mọ́tò àbúrò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, irú èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ibi ìdáná nínú, ó wọ́ ọ lọ sétí òkun, ó sì wọ́ ọ bọ̀. Sàlẹ́ńsà mọ́tò iwájú kọjú sí imú mọ́tò ẹ̀yìn ní gbogbo ọ̀nà, ihò atẹ́gùn ṣí sílẹ̀, mọ́tò kékeré sì mu èéfín yó.

Aṣọ inú àpò náà, ìyá wọn, Alhaja Àsúmáù, ló rà á ní Mẹ́kà lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún tó fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì kiri Walworth. Omi sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, ló fi ṣan án. "Òun ni kẹ́ ẹ fi sin mí. Ẹ má jẹ́ kí omi mìíràn kàn án." Sìdíkàt gbé e sí búùtù kó lè wà nítòsí, nítorí ikú kì í ránṣẹ́ ṣáájú.

Alhaja Rahmah yọjú láti yàrá tí wọ́n ti ń wẹ òkú lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Sìdí, a ti wẹ ìyá ẹ tán. Aṣọ dà? Ìrun àìlà ti fẹ́ tó."

Ó gba àpò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. "Èyí ò ṣe é fi wé èèyàn."

"Ṣé a ò lè sáré fọ̀ ọ́ ni?" ni Jẹ̀lílì wí.

"Kẹ́ ẹ fi omi ẹ̀rọ Peckham fọ sámúsámù dànù?" ni Sìdíkàt bi í.

Alhaja Rahmah wolẹ̀. "Ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tá a máa ń fi sin àwọn tí ò lẹ́ni."

Sìdíkàt dáhùn: "Ẹ fi wé wọn, mà."

Alhaja wọlé padà, ìlẹ̀kùn sì padé. Jẹ̀lílì nu ojú. "Aṣọ náà laṣọ ń jẹ́. Mọ́mì ò ní mọ̀."

"Wọ́n béèrè yín ní Sátidé, kí wọ́n tó dákẹ́. Mo ní ẹ lọ ra iṣu. Wọ́n ní kí n má ti ìlẹ̀kùn, pé ẹ máa tó dé."

Sìdíkàt ká aṣọ Mẹ́kà náà padà sínú àpò, ó so ẹnu rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì.

"Tiyín nìyí. Ẹ tọ́jú ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kú, bó ṣe ń rùn yìí náà ni mo máa ní kí wọ́n fi wé yín."