Oníṣòwò Tó Ti Rẹ̀

Kò sẹ́ni tó mọ àwòrán tó mi ní gbogbo Berlin. Bí mo ṣe ń dúró níwájú àwòrán Georg Gisze ní mùsíọ̀mù látàárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ mi ti wú, ó ju iṣu lọ. *Aufsicht* ni wọ́n ń pè mí: èmi ni mò ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Àmọ́ ohun tí mo sọ fún Mọ́mì mi ní Hamburg ni pé professor ni mí, pé àwọn òyìnbó ń tò bí èèrà láti gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi. Mọ́mì, tó ń ta oúnjẹ ilé ládùúgbò St. Georg níbẹ̀, sọ fún gbogbo ìjọ.

Ní Sátidé kan, ó yọ sí mi lójijì, òun àti Màmá Ọlọ́runyọmí, olófòófó ìjọ wọn. Tí àṣírí mi bá tú lójú obìnrin yẹn, Mọ́mì ò ní lè gbójú sókè mọ́ ní Lurup, àdúgbò tí wọ́n ń gbé ní Hamburg.

"Professor, ẹ kú iṣẹ́ o," Màmá Ọlọ́runyọmí ní, ojú ẹ̀ ń bẹ lára yunifọ́ọ̀mù mi. "Kí ló dé tí gbogbo ayé ń pariwo èyí? Torí ó ti gbó ni?"

"Háà, mà! Holbein tó yà á, ọdún méje ni ò fi sùn! Ẹ wo òdòdó inú gíláàsì yẹn. Lánàá, oyin kan fò wá síbẹ̀, ó forí gbá a, ó kú!"

"Oyin? Nínú ilé?"

"Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, mà."

Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ àwòrán náà. "Ta ni?"

"Oníṣòwò ni, mà. Ará Danzig, àmọ́ London ló ti ń ṣòwò."

"Abájọ. Ó wọṣọ olówó, ó kó ẹrù yí ara ẹ̀ ká, àmọ́ wo ojú ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń ṣe bíi pé kò rẹ òun. Ẹni tó yà á rí i, kò sì bò ó." Ó wá bojú wo bàtà mi, tí mo ti tú okùn ẹ̀. "Bíi tìẹ gẹ́lẹ́, Gbọ́láhàn."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo so okùn náà pa dà.

"Ṣé ọmọ yín ló kọ́ yín nìyẹn?" Màmá Ọlọ́runyọmí bi í.

"Ta ni ì bá tún kọ́ mi? Professor ni mo pè é, àbí ẹ ò gbọ́ ni?"

Mọ́mì yọ fóònù láti ya fọ́tò mi. Mo yọ gbogbo eyín mi síta.

"Panu dé. Fi ojú ẹ sílẹ̀ bó ṣe wà."

Fọ́tò yẹn ló wà ní pálọ̀ Mọ́mì ní Lurup báyìí. Wọ́n ní àlejò tó bá wọlé, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Holbein gan-an ò ya irú ẹ̀ rí.

Gisze ní tiẹ̀, èmi nìkan ló ń kí i láràárọ̀.