Sátidé Àǹtí Agnes

Ìjọba tó dá odidi tíṣà dúró pẹ̀lú bébà pélébé kan, ṣé ó mọ ohun tó ṣe? Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ jàre. Lọ́dún 1985, lẹ́tà ìdádúró yẹn kan àwọn tíṣà mẹ́ta ní ilé-ìwé kan náà: Àǹtí Agnes, ọmọ Oǹdó, tó dàgbà jù nínú wọn, Mọ̀dínátù, onísùúrù, àti Àyìnkẹ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Baruwa nílùú Èkó ni gbogbo wọn ń gbé. Wọ́n sunkún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ni oníkálukú dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Agnes ń rán yunifọ́ọ̀mù. Mọ̀dínátù ń se ọṣẹ. Àyìnkẹ́ ní ṣọ́ọ̀kì lòun máa ṣe, torí ṣọ́ọ̀kì ti wọ́n débi pé ègé tó kéré bí èékánná ni àwọn tíṣà fi ń kọ̀wé.

Wọn ò lágbára àtigba òṣìṣẹ́. Agnes ló rántí àáró tí àwọn bàbá wọn máa ń ṣe lóko.

Ó ní, "Sátidé kan, gbogbo wa á ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Sátidé kejì, ti ẹlòmíì. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá kàn ló kàn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọdún méjì. Nígbà tí àkọ́ṣe ṣọ́ọ̀kì Àyìnkẹ́ ń rún wómúwómú, tó fẹ́ da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà, Agnes ló gba àwọn àfọ́kù náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Fún mi, màá máa fi sàmì sára aṣọ. Tún òmíì pò." Àyìnkẹ́ tún òmíì pò. Láti ìgbà náà, Agnes ò fi ṣọ́ọ̀kì ẹlòmíì sàmì sáṣọ mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ilé-ìwé kan ní Gowon Estate ní kí Àyìnkẹ́ kó igba páálí wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n máa wọlé. Tó bá dáa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á ti máa rà á lọ. Tí ò bá dé, kó má wulẹ̀ yọjú mọ́. Àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀! Ọjọ́ mẹ́sàn-án, oòrùn ò yọ. Ṣọ́ọ̀kì tí ò rí oòrùn, ẹ̀kọ tútù ni. Ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n tò ó yí iná èédú ká, kí wọ́n máa yí i lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ ẹnì kan ò lè ṣe é. Sátidé tó sì kù, Agnes ló kàn.

Nírọ̀lẹ́ Fráìdè, Àyìnkẹ́ lọ bá a nílé. Agnes gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, ọgọ́ta yunifọ́ọ̀mù tó ti gé sílẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ yọ̀ǹda Sátidé yín fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Agnes wo àwọn aṣọ náà. "Fráìdè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á, Àyìnkẹ́. Àti pé..."

Àyìnkẹ́ ti kúnlẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ní rárá, iṣẹ́ mi kú nìyẹn!"

Agnes mí kanlẹ̀. "Dìde. Ó ti tán. Màá wá."

Àyìnkẹ́ dì mọ́ ọn, ó sì jáde. Kò béèrè ohun tó wà lẹ́yìn "àti pé" yẹn. Ẹ gbọ́ o, kò béèrè!

Lọ́jọ́ kejì, sílípáàsì rọ́bà ọkọ rẹ̀ ni Agnes wọ̀ wá, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ gbàrà-gbàrà. Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ ti wá di baálé ni?"

Òun náà rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ mi ló ní bàtà òun ò gba òun mọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí iná, ó ń fẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣọ́ọ̀kì gbẹ. Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá ilé-ìwé fi ọ̀kan kọ̀wé, ó funfun báláú, wọ́n sì gba gbogbo rẹ̀. Àyìnkẹ́ jó délé.

Agnes dá jókòó sídìí máṣíìnì ní Mọ́ńdè, ó jókòó ní Túsìdeè. Lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè, ó dojú dé orí máṣíìnì náà. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Ọmọ ogójì ọdún.

Nígbà tí wọ́n lọ kí Báyọ̀dé, ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Dókítà ní kó kúrò nídìí máṣíìnì pátápátá. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀ ní Sátidé, ni mo bá rìnrìn-àjò lọ." Ó wo Àyìnkẹ́. Kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "Kí ló dé tẹ́ ò wá?"

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Wọ́n sin Agnes ní Fráìdè, àwọn tó ni yunifọ́ọ̀mù sì sún ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á di òwúrọ̀ Mọ́ńdè. Láàárọ̀ Sátidé, Àyìnkẹ́ àti Mọ̀dínátù padà lọ kan ilẹ̀kùn Báyọ̀dé.

Mọ̀dínátù ní, "Àǹtí ló kàn, sà."

Ó yà fún wọn. Agnes ti pín iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sórí aṣọ tó wà lókè ìdì kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà gbọọrọ bí ẹni kọ ọ́ sójú pátákó. "Mọ̀dínátù: bọ́tìnnì." Èyí tó kàn: "Àyìnkẹ́: etí aṣọ. Má sáré o."

Àyìnkẹ́ mú abẹ́rẹ́. Ó sunkún bí ọmọ kékeré, ó sì ń rán an. Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ parí. Mọ̀dínátù ń gbọn àmì ṣọ́ọ̀kì dànù lára wọn, ó kan èyí tí wọ́n kọ orúkọ Àyìnkẹ́ sí. Àyìnkẹ́ já a gbà, ó gbá a mọ́ àyà.

Mọ̀dínátù rọra ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ló máa wọ̀ ọ́ lọ síléèwé ní Mọ́ńdè."

Àyìnkẹ́ mọ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orúkọ náà dànù. Ṣọ́ọ̀kì gidi ni, kò tètè kúrò.