Àtẹ̀jíṣẹ́ Afusat

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí wa ní òwúrọ̀ òní, tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tán lẹ́nu wa.

Afusat ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, télọ̀ tó ń rán aṣọ dúdú tí àwọn lọ́yà ń wọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù. Lafiaji ni òun àti Mùtíù ọkọ rẹ̀ ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó lẹ́yìn ilé wọn. Ọlọ́run kó gbogbo èèyàn yọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Afusat kò ti gun àtẹ̀gùn mọ́. Bí wọ́n bá pè é síbi ìsọmọlórúkọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó sí, wọn a sì gbé oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìyá Ìsàlẹ̀. Òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo nítòsí kọ́ọ̀tù ní Igbosere, irú èyí tó ti ń wá láti ọdún mẹ́fà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà. Alhaja Khairiyyah tó ni ilé náà ní kí ó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun lókè lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà. Bí kò bá wá, ẹlòmíràn ti ń dúró.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà, Afusat dúró sí ìdí àtẹ̀gùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ìkejì kọ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè pe ẹnikẹ́ni, ló bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ tó ń ta òwú ìránṣọ ní Apọ́ngbọ̀n: “E jo, e wa ba mi ni Igbosere. Eru yii wuwo ju, mi o le da gbe e goke.”

Ẹ mọ bí a ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù, a kì í fi àmì sí i. Mùtíù kà á, ó ti ọjà rẹ̀ pa, ó yá ọmọlanke, ó mú okùn méjì, ó sì tì í dé Igbosere nínú oòrùn. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

“Ìyá Taslimah, ẹrù dà?”

Afusat wo ọmọlanke, ó wo okùn. “Bàbá Taslimah, ẹ̀rù ni mo kọ sí yín. Àyà mi ló ń já.”

Mùtíù nu òógùn ojú. “Ì bá ṣe àpò ìrẹsì, ì bá tiẹ̀ sàn.”

Afusat rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ọkọ rẹ̀ kò sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Ó ní, “Jẹ́ ká jọ gbé e. Ìgbésẹ̀ kan, Bisimilahi kan.”

Ní ìgbésẹ̀ keje, Afusat jókòó. Mùtíù jókòó tì í. Ibẹ̀ ló ti sọ fún ọkọ rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́, bí eruku ilé tó wó náà ṣe ń rùn nímú òun títí di òní. Lọ́yà kan tó ń sọ̀kalẹ̀ kí wọn, ó sì rọra yà fún wọn. Wọ́n tún dìde.

Alhaja Khairiyyah ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ti ń gbọ́ Bisimilahi wọn bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ìrun ti fẹ́ tó, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ wọn.

Ẹ̀rù náà kò tíì tán. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí Afusat ṣì ń jókòó ní ìgbésẹ̀ keje kí ó tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ mi, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹni tí yóò jókòó tì yín. Kí ohun tó ń já yín láyà má ṣe gba ìpín yín lọ. Àmín.