Ebè Kẹtàdínlógún

Bándélé fi ẹnu bàtà yí ìtàkùn ẹ̀gúsí kan padà, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ebè mẹ́tàlélógún ti kú. Ewé wọn pọ́n, wọ́n káko. Ebè kẹtàdínlógún nìkan ló tutù yọ̀yọ̀.

Oṣù mẹ́ta ni ọ̀mọ̀wé wa ti wà ní Ọdẹ́dá lọ́dún 1984 yìí. Ìjọba ní kó wá ẹ̀yà ẹ̀gúsí tí àrùn ewé kíká kò lè pa. Ó kó oríṣi mẹ́rìnlélógún wá láti òkè òkun, ó gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ebè tirẹ̀, ó gún ewé aláìsàn, ó sì fi oje rẹ̀ pa gbogbo wọn lára lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́la ni àbọ̀ iṣẹ́ máa dé ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Ìlewó. Bí kò bá rí ẹyọ kan tó yè, wọ́n á ti iṣẹ́ náà pa, òun á sì padà sídìí fáìlì títò. Ọpẹ́ ni, ó ti rí i.

Àwọn àgbẹ̀ ńkọ́? Ṣe ni wọ́n ń pa á lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gúsí, wọn kò mọ ohun tó ń pa á. Wọ́n ní òjò ni. Mọ́níkẹ́, obìnrin àgbàlagbà tó ń bá a ro oko náà, máa ń pè é wá jẹun lábẹ́ igi kaṣú. Kì í dáhùn. Aláṣọ àlà kì í jókòó sísọ̀ elépo.

"Ìyá yìí," ó ní, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀, "o rí èyí? Ti òkè òkun ni. Tiyín ò lè ṣe báyìí láéláé."

Mọ́níkẹ́ fi ọkọ́ tilẹ̀. "Èwo? Èyí tí mo gbìn?"

"Tí ìwọ gbìn?"

"Èyí tẹ́ ẹ gbìn síbẹ̀ ló kọ́kọ́ kú, lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ lọ sí Ìbàdàn. Mo fà á tu, mo fi ẹ̀gúsí ilé wa dí i. Ta ní í fi ebè sílẹ̀ lófìfo? Àwọn tó ń kọjá á máa fi yín ṣẹ̀sín. Ìgbà tí ìyókù fi kú, àkókò ìgbìn ti lọ." Ó wò ó láti orí dé bàtà. "Ẹ̀yin lẹ ń kọ̀wé lójoojúmọ́. Mo rò pé ẹ ti rí i ni."

Bándélé ṣí ìwé rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ ọ́: Ẹ̀yà 17, kì í tètè dàgbà. Irúgbìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, òmùgọ̀ alákọ̀wé pe kíkéré rẹ̀ ní ìwà ẹ̀yà! Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó mú irúgbìn rẹ̀ wá lọ́dún tó ń bọ̀, níbo ló ti máa bù ú? Lẹ́yìn tí obìnrin yìí gbìn ín, òun fúnra òun tún fi oje àìsàn pa á lára. Kò kú.

"Ṣé ó kù nílé?"

"Ó ku igbá kan. Ìyá ọkọ mi ló fi sílẹ̀. A kì í tà á."

Ó fa ìlà gba orí "òkè òkun" kọjá. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kó kọ ẹni tó ni irúgbìn, bírò rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè, ó wo obìnrin tó ti ń kí i káàárọ̀ láti oṣù mẹ́ta, ó wá rí i pé òun kò mọ orúkọ rẹ̀.