Agolo Inú Agolo

…kò tíì gòkè wá. Àárọ̀ ló ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ilé, oòrùn ti ń palẹ̀ mọ́ lórí yìnyín báyìí, kò tíì gòkè wá mu kọ́fí. Marit tèmi! Marit tí í mu kọ́fí bí ẹni ń da omi sínú agbọ̀n. Kọ́fí ti tutù nínú ìkòkò, èmi náà ò sì lè dìde lọ gbé e kaná, torí Signe ti sùn sí mi láyà. Ọmọ ọmọ mi. Itọ́ rẹ̀ ti rin ọrùn ẹ̀wù mi gbindin. Tí mo bá mí jù, yóò jí. Ẹnu rẹ̀ bí ẹnu ẹja kékeré. Ọmọ tó rẹwà tó báyìí, ta ló bí i? Ọmọ mi ni. Ọmọ mi ló bí i — ọmọ mi tó wà nísàlẹ̀ yẹn, tí wọ́n ní kó fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ṣé yóò fi sí i? Ṣé kò ní fi sí i?

Kò sì sí ìró. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní ọjọ́ mìíràn, màá máa gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tàùtàù, tàùtàù, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo nínú agolo. Lónìí, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bóyá ó ń jà. Àwọn èèyàn ilé wa, tí wọ́n bá ń jà, ṣe ni wọ́n máa ń dákẹ́. Baba rẹ̀ náà nìyẹn. Ó bínú sí mi nígbà kan, ó fi gbogbo ìgbà òtútù la igi ìdáná…

Níbo ni mo wà? Orúkọ. Wọ́n ní kó fi orúkọ sí i.

Mi ò kàwé. Kíláàsì kẹjọ ni mo dé tí bàbá mi fi ní kí n padà wálé, pé màlúù ò lè fún wàrà ara wọn. Ṣùgbọ́n etí mi kì í jẹ́ kí nǹkan kan kọjá. Ọjọ́ Ajé tí ẹ̀rọ amúlégbóná abẹ́ ilé bàjẹ́, ibi tábìlì oúnjẹ yìí ni Marit ti ṣiṣẹ́, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó jẹ́ kí ohùn ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ máa jáde síta, èmi ń fi elégédé gígún bọ́ Signe. Ni mo ṣe gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀, Brock.

"Marit, ìlà kan péré ni. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kàn wá. Kọ ìdí rẹ̀, kọ orúkọ rẹ, ká máa lọ."

"Brock, mi ò mọ̀ bóyá kò kàn wá."

"Ta ló mọ̀? Èmi ò mọ̀. Ọlọ́run gan-an ò tíì ráyè yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ ọ́ jàre."

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀gbẹ́ni yẹn dà bí ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò fẹ́ sítáàtì nínú òtútù Minnesota. Hẹ-hẹ-hẹ-hẹ… ó tún kú.

Ìdí tí mo fi mọ ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Marit ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọmọ yẹn mọ bí a ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Màmá," ó ní, "ṣé ẹ rántí àwo oúnjẹ tí ẹ máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ti pọ̀tétò àti ẹran lílọ̀?" Mo ní báwo ni mi ò ṣe ní rántí, òun náà ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ní, "Ta ló se ọbẹ̀ olú tó wà nínú rẹ̀?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń se é, inú agolo ni gbogbo wa ti ń dà á. "Ẹ̀hẹ́n. Ta wá ló lọ ìyẹ̀fun tó wà nínú agolo yẹn? Ta ló gbin olú rẹ̀?" Mo ní Marit, mo kàn ń gbé oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni, mi ò lọ sí kóòtù. A rẹ́rìn-ín. Ó wá ní bí sọ́fítíwià tàwọn náà ṣe rí nìyẹn. Inú kọ̀ntéènà ni wọ́n ń dì í sí, wọ́n á fi ìdérí bò ó pinpin, wọ́n á fi ránṣẹ́ sínú àpótí kékeré tó wà nílé oníkálukú. Díẹ̀ ni wọ́n fúnra wọn kọ níbẹ̀. Agolo ẹlòmíì ló kù, agolo ẹlòmíì mìíràn sì tún wà nínú ìyẹn. Ọ̀kan wà lábẹ́ pátápátá tó jẹ́ pé ọkùnrin kan ló kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀, ó ti kọ ọ́ síta pé ó ti rẹ òun, òun ò ṣe mọ́.

Nínú agolo ọkùnrin yẹn ni ihò wà.

Wọ́n ti kéde ihò náà fún gbogbo ayé pé kí oníkálukú lọ dí tirẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n olè tó ń wá ihò wọlé náà ń gbọ́ ìkéde. Olè ò dití.

Marit sì ti dí i! Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Òun ló kọ́kọ́ dìde. Ó yọ agolo burúkú kúrò nínú ìlànà oúnjẹ wọn, ó fi tuntun sí i. Ní ọ́fíìsì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n gé kéèkì, ó gbé kéèkì wálé fún mi — ti lẹ́mọ́ọ́nù, kò dùn tó tèmi. Àṣé ẹ̀rọ tó ń se é kò se tuntun. "Màmá, inú fírísà ló lọ! Ìpìlẹ̀ tó ti sè sílẹ̀ tipẹ́, kò fẹ́ fi àsìkò ṣòfò, ló bá gbé e jáde, ó kàn da wàràkàṣì tuntun lé e lórí." Ìlànà oúnjẹ ń sọ pé agolo tuntun ni. Inú àwo ń sọ pé ti àná ni. Ìlànà oúnjẹ ni gbogbo wọn sì ń wò. Ta ló máa ń ṣí àwo tí ìdérí rẹ̀ ti bò dáadáa?

Àfi ajá yẹn. Ajá kọ́ o, sọ́fítíwià ni òun náà, èmi ni mo ń pè é lájá. Ó máa ń gbóòórùn inú kọ̀ntéènà, ó sì máa ń gbó. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò mọ ìwọ̀n. Ihò abẹ́rẹ́, á gbó. Ihò tí màlúù lè gbà kọjá, á gbó bákan náà. Nígbà tó sú wọn, wọ́n dá àṣà kan sílẹ̀: tó bá gbó, ẹnì kan á kọ ìlà kan fún un, "kò kàn wá," pẹ̀lú ìdí àti orúkọ. Ajá á dákẹ́. Kọ̀ntéènà á kọjá. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, wọ́n ń ṣe é bí ẹni ń nu imú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, lóòótọ́ ni kò kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà…

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé yẹn Marit bi Brock ní ìbéèrè kan. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó rò pé elégédé ni mò ń bá jà. "Tí ẹnì kan bá gba ihò yìí wọlé, ṣé o mọ ohun tó lè ṣe? Ó lè mú kí àpótí máa sọ pé ó dára, nígbà tí kò dára."

Brock ò rẹ́rìn-ín fún ìyẹn. Ó ní, "Tá a bá tún un dì báyìí, a ò ní lè fi ránṣẹ́ ṣáájú Kérésì. Mi ò ní lọ sọ ìyẹn fún àwọn ọ̀gá lókè. Ṣé ìwọ ló máa lọ sọ ọ́? Ẹni tó sọ irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, níbo ló wà báyìí?"

Ẹni yẹn, inú páálí ni wọ́n kó fọ́tò ọmọ rẹ̀ àti ife kọ́fí rẹ̀ sí. Marit ló bá a gbé e dé ìdí ọkọ̀.

Olúwa, jẹ́ kó fọwọ́ sí i. Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ yẹn ló ń gbé wa, èmi àti òun àti ẹja kékeré yìí. Bàbá ọmọ wà ní Arizona, ó ń fi fọ́tò aginjù ránṣẹ́. Jẹ́ kó fọwọ́ sí i. Rárá — má jẹ́ kó fọwọ́ sí i. Mi ò mọ èyí tí mò ń gbàdúrà rẹ̀ mọ́. Àdúrà mi náà ti di agolo, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Torí àpótí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo ní ọ̀kan. Ẹ̀yìn mi níbí ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọ́fí. Ìgbà ìrúwé ni ọkàn mi kọsẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣubú lé tábìlì oúnjẹ, saláàdì ẹnì kan bọ́ sí mi lórí. Marit ló mú àpótí yìí wá láti ibi iṣẹ́, ó ń ka ọkàn mi, ó ń ròyìn rẹ̀ fún ilé ìwòsàn, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ á máa ṣẹ́jú. Inú mi dùn sí i bí ọmọdé! Ta ni mi ò sọ fún? Verlene ni mo kọ́kọ́ sọ fún, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé òdìkejì títì, tó jẹ́ pé ọkàn tirẹ̀ ti ń kọsẹ̀ kí tèmi tó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn.

"Ìwọ Ardis," ó ní, "kí kọ̀ǹpútà máa gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi? Èébú ló máa gbọ́!"

"Á ti gbọ́ tèmi, kò ní yà á lẹ́nu."

"Agídí rẹ ló máa pa mí, kì í ṣe ọkàn."

Ó gba irú rẹ̀ náà. Ojú fèrèsé ìdáná rẹ̀ ló gbé e sí, pé ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé geere. Láti orí àga yìí mo lè rí i. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, iná tirẹ̀ á ṣẹ́jú, tèmi á ṣẹ́jú nínú gíláàsì fèrèsé mi, bí arúgbó méjì tó ń ṣe òfófó. Á wá pè mí: "O ṣì wà láyé?" Màá ní: "Àpótí sọ pé mo ṣì wà."

Lánàá, Marit dúró síbi tá a ti ń fọ àwo, ó ń fọ àwo kan náà lọ, ó ń fọ̀ ọ́ bọ̀. Ó ní, "Màmá, tí ẹ bá mọ̀ pé wàrà kan ti kan díẹ̀, àmọ́ tó ṣeé ṣe kó má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, kí lẹ máa ṣe?"

Mo ní, "Páńkéèkì."

Páńkéèkì! Ẹnu mi yìí. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn ní oko wa, wàrà tó bá kan, páńkéèkì là ń fi í dín. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó nu ọwọ́. Kí ló dé tí mi ò bi í pé wàrà wo? Mo mọ wàrà tó ń wí…

Bóyá ó ti kọ̀. Bóyá ìdí tó fi dákẹ́ nìyẹn, ó ń kó fọ́tò Signe sínú páálí. Lójú ẹni tó rí i láàárọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó nawọ́ kọjá lórí mi síbi ìkòkò kọ́fí, ó ń wá nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí lò ń wá níbẹ̀? "Ẹ má dìde, Màmá. Mo fẹ́ yá ihò iná yìí, ká fi máa mú mílíìkì Signe gbóná." Ó wá fẹnu kò mí lórí. Lórí! Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Tá a bá fẹ́ràn ẹnì kan, a ó bá a hó yìnyín kúrò lójú ọkọ̀ ni. Inú mi dùn títí di ọ̀sán. Mo ní ọmọ mi ti rí àlàáfíà. Ó ti kọ̀ fún wọn…

Ilẹ̀ ń ṣú. Iná Verlene ti hàn. Ó ń ṣẹ́jú bí ojú ológbò lábẹ́ abà. Kú ìrọ̀lẹ́, Verlene. Tèmi náà dà? Kò sí nínú gíláàsì. Mo gbé orí sápá ọ̀tún. Kò sí. Orí Signe ni mo rí, àti funfun irun mi.

Jẹ́jẹ́, ọmọ mi, má jí. Ìyá àgbà kàn fẹ́ yí ọrùn ni.

Ẹ̀rọ tó ń mú mílíìkì gbóná wà níbi tó máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́. Okùn rẹ̀ wà nínú ihò tirẹ̀. Kò kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ. Ihò iná ẹ̀yìn ìkòkò kọ́fí ṣófo. Àpótí mi wà níbẹ̀, iná rẹ̀ ti kú. Wọ́n ká okùn rẹ̀ rogodo, wọ́n fi wáyà tí wọ́n fi ń di ọ̀rá búrẹ́dì so ó. Marit nìkan ló máa ń so okùn báyẹn. Láti kékeré.

Kì í ṣe torí mílíìkì ló fi yọ ọ́.

Tó bá jẹ́ pé ó kọ̀ ni, ìbá sọ fún mi lójú ni: Màmá, ẹ yọ ọ́, ẹ pe Verlene kó yọ tirẹ̀. Kò sọ ọ́. Mílíìkì ló sọ. Ó fẹnu kò mí lórí, ó yọ tèmi, ó sì sọ̀kalẹ̀…

Ó ti fọwọ́ sí i. Kí kọ́fí àárọ̀ tó hó ló ti fọwọ́ sí i. Kò bá ẹnikẹ́ni jà nísàlẹ̀ yẹn. Ojú mi ni kò lè wò. Èmi ń bẹ Ọlọ́run láti àárọ̀ lórí ohun tó ti parí.

Ó fẹ́ràn mi. Ọlọ́run mi, ó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. Kò kàn wá — ó mú kó má kàn mí. Ilé wo ni wọ́n tún ti yọ tiwọn láàárọ̀ yìí? Ìyá ta ni?

Lódìkejì títì, ó ń ṣẹ́jú. Ó dára. Ó dára. Ó dára. Èmi ni mo ní kó gbà á.

Fóònù wà lókè firíìjì, ọwọ́ mi ò lè tó o láìjí ọmọ. Kò burú. Kó jí. Kó ké kí wọ́n gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Signe, òkín mi, fara mọ́ mi dáadáa, òtútù wà níta. Bàtà yìnyín mi… níbo ni mo bọ́ bàtà yìnyín mi sí?