Ìjókòó Tí Kò Ṣeé Tì Sẹ́yìn

Láti ìgbà tí Fuad ti dé iwájú ilé kan ní Ladi-Lak, ní Bariga, kò tíì dúró lójú kan. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún yí Pijó sitéṣọ̀n tó fẹ́ rà ká, ó tún gba ọwọ́ òsì yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó fi ìka kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá tó ní òun ló ni ọkọ̀ náà káwọ́ sẹ́yìn síbi òjìji ògiri, ó ga bí òpó iná, ó ń wò ó.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, kò tíì rẹ̀ ọ́ ni? Ọkọ̀ lo wá rà, kì í ṣe Káábà lo wá yí ká."

"Ẹ má bínú, sà. Bí mo ṣe máa ń wo nǹkan nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Nígbà tó wà ní yunifásítì, ibi tó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ jókòó tì í, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yéé gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Láti ìgbà tó ti jáde, tí kò rí iṣẹ́, àràárọ̀ ló ń lọ dúró lọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn ní Pedro, tó ń fi ojú túmọ̀ àwọn àdììtú ẹ̀yìn ìwé láìra á, títí oníwèé á fi lé e.

Àdììtú tó wà níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí kì í ṣe ti ẹ̀yìn ìwé. Àwọn sójà ti fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀, ìbò ti dé tán, gbogbo ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú sì ń tẹ pósítà tọ̀sán tòru. Bọ̀dá Adéníjì, tí pósítà ti kún ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ dé òrùlé, ti bá Fuad sọ ọ́ lójúkojú: "Bí o bá ní ọkọ̀ tó lè gbẹ́rù kó tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, ìwọ ni wàá máa kó wọn lọ sí Ìjẹ̀bú àti Abẹ́òkúta. Bí o ò bá ní, ẹlòmíràn wà nílẹ̀." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Fàsílátù, tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, ti kó àjọ rẹ̀, ó sì ti gbé gbogbo owó náà lé e lọ́wọ́.

"Òórùn ẹja ṣì ń bẹ lára owó yìí o," ni Fàsílátù wí. "Bí o bá lọ jẹ́ kí wọ́n lù ẹ́ ní jìbìtì, má wulẹ̀ padà sí Pedro. Máa rìn lọ tààrà sínú ọ̀sà."

Fàsílátù náà ló gbọ́ nípa ọkọ̀ náà. Oníbàárà rẹ̀ kan tó ń gbé ní Ladi-Lak ló sọ fún un pé àlejò òun láti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ọkọ̀ wá tà. Ọkọ̀ òkè, tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí ọ̀sà kò tíì jẹ lára! Ta ni kò mọ̀ pé irú rẹ̀ ni gbogbo Èkó ń wá?

Ọkọ̀ náà dára lóòótọ́. Abẹ́ rẹ̀ kò dípẹtà. Nígbà tí Fuad nawọ́ gba fèrèsé yí kọ́kọ́rọ́ tó wà lára rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dún jẹ́jẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn Fuad balẹ̀ ni bàbá náà fúnra rẹ̀. Samson ló pe orúkọ rẹ̀, ó ní láti ọdún tó ti pẹ́ ni òun ti ń wa ọkọ̀ yìí, àti pé òun fúnra òun ló wà á dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fuad ní kó bá òun ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wá ohun tí wọ́n fi ń ṣí i títí, kò rí i. Fuad bi í irú ọ́ìlì tí ọkọ̀ náà ń mu.

"Èyí tó dára ni," ni Samson wí.

"Ìwé ọkọ̀ ńkọ́, sà?"

"Ó wà nínú ilé. Bí a bá ti fẹnu kò, wàá rí i."

Fuad ṣílẹ̀kùn, ó wọ ibi ìjókòó awakọ̀. Kí ó tó wọlé tán, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti gbá sítíárì. Ó nawọ́ sábẹ́ ìjókòó láti tì í sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kan irin tí wẹ́dà jó mọ́ irin. Ìjókòó náà kò ṣeé sún. Iwájú pátápátá ni wọ́n jó o mọ́, bí ẹni pé ọmọdé ló ń wa ọkọ̀ náà. Fuad kì í sì í ṣe ẹni gíga. Ó yọjú wo Samson níbi tó dúró sí, ó fi ojú wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ yìí wá sí Èkó?"

"Ṣé mi ò ti sọ fún ọ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi jókòó síbí kí ẹ tẹ bíréèkì. Mo fẹ́ wo iná ẹ̀yìn."

Samson wo fèrèsé ilé náà, ó tún wo ilẹ̀. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ni ó wí.

Ara Fuad ti gbóná. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó gba ẹ̀yìn lọ, ó ṣí i. Ìkọ́ irin kan rọ̀ láti òrùlé, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹran kọ́. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Àbàwọ́n dúdú kan tẹ́ lọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n tún fọ̀ ọ́, síbẹ̀ kò lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Bariga lójoojúmọ́ lásìkò náà kò kọjá ti ìbò àti ti gbọ́mọgbọ́mọ. Fuad da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí: ọkùnrin tí kò lè wọ inú ọkọ̀ tó ní òun ń wà, ìwé tí kò jáde, ìkọ́, àbàwọ́n. Orí rẹ̀ wú. Ó ti yanjú rẹ̀.

Ì bá rọra pe bàbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí náà ni ẹnu rẹ̀ rí.

"Ọkọ̀ yìí kì í ṣe tiyín! Ẹ̀jẹ̀ ta ló wà níbí?"

Àwọn tó ń ta dráfù lábẹ́ igi ẹ̀bá ọ̀nà gbójú sókè. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi gbé korobá wọn sílẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?"

"Níbo?"

"Ẹ wá wo ìkọ́ o! Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ń so wọ́n kọ́!"

"Gbọ́mọgbọ́mọ ni!"

Kí Fuad tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òpópónà ti kún. Ọkùnrin kan tó gbòòrò láyà ti gbá Samson ní ọrùn aṣọ mú. Ẹlòmíràn ń yí táyà àlòkù kan bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Fuad mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe ní irú àkókò báyìí.

"Ẹ dúró ná! Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé wọ́n pa ènìyàn!"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo rí ẹ̀jẹ̀?" ni ọkùnrin tó di Samson mú bi í.

"Mo rí i, ṣùgbọ́n..."

"Bọ́ sẹ́yìn. O ti ṣe tìrẹ."

Fuad sáré kó sáàárín àwọn méjèèjì, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a dànù. Ó tún padà, ó di aṣọ Samson mú láti ẹ̀yìn, ó ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Samson, tí ojú rẹ̀ ti ràn, wo fèrèsé ilé náà, ó sì ké bí ọmọ kékeré: "Sìsítà mi! Leah! Leah o!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá kúkúrú kan jáde, irun rẹ̀ ti funfun, ó wé ìró mọ́ àyà. Kò sáré, kò kígbe. Ó kàn ní, "Ẹ yàgò," bí ẹni tó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ láti máa la àárín àwọn tó dí ẹnu ọ̀nà kọjá, wọ́n sì yàgò. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé mọ́ ìjókòó náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì láìnà. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó fa jíà, ó sì fi ẹ̀yìn rin ọkọ̀ náà wọ àárín wọn. Ọkùnrin tó di Samson mú fi í sílẹ̀ kí táyà má baà gun òun lẹ́sẹ̀. Ìyá náà ń fọn fèrè títí gbogbo wọn fi tú sẹ́yìn. Nígbà náà ló yọ orí jáde.

"Ọkọ̀ mi nìyí. Agbẹ̀bí ni mí. Ìkọ́ yẹn, omi ni mo ń so kọ́ ọ, tí à ń fà sí aboyún lára bí ọ̀nà bá jìn. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni. Irú rẹ̀ ni ìyá kálukú yín ta sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá gbé kápẹ́ẹ̀tì yẹn lọ fọ̀. Ní tèmi, ó ti sú mi."

Obìnrin kan nínú àwọn tó ń pọn omi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn. Wọ́n kọjú sí ọkùnrin tó gbòòrò láyà náà: "Bọ̀dá ọlọ́pàá, lọ bá wa fọ kápẹ́ẹ̀tì!" Ẹni tó yí táyà wá ń yí i padà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Fuad ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Samson nínú eruku.

"Ẹ dárí jì mí, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde," ni Samson wí, ó ń de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. "Ìwọ àti ìwádìí rẹ! O fẹ́ẹ̀ sọ mí di súyà."

"Mú un wá síbí," ni Leah, ìyá náà, wí láti inú ọkọ̀. Fuad lọ dúró létí fèrèsé. "Wọ́n ní o kàwé. Kí ló dé tí o ò fi béèrè?"

"Mo béèrè, mà. Wọ́n parọ́ fún mi."

Ìyá náà wo àbúrò rẹ̀. Samson wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́," ni ìyá náà wí níkẹyìn. "Ìbàdàn la kọ́kọ́ gbé e lọ. Àwọn tó fẹ́ rà á rí i pé obìnrin ló ń wà á, wọ́n ní kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á ti jóná, wọ́n ń dá iye tí wọ́n fi ń ra irin àlòkù. Samson wá ní òun á dúró bí ọkùnrin tó ni ín. Kẹ̀kẹ́ nìkan ni Samson mọ̀ ọ́n gùn."

"Mo sì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa," ni Samson ráhùn.

"Ìjókòó yẹn ńkọ́, mà?" Fuad kò lè pa á mọ́ra. "Kí ló dé tí wọ́n fi jó o mọ́lẹ̀?"

"Bí mo bá ń gun òkè, ńṣe ló máa ń yọ̀ lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi kò ní tó bíréèkì mọ́, aboyún á sì máa ké lẹ́yìn mi. Mo ní kí wọ́n jó o. Ojú mi kò ríran lálẹ́ mọ́. Òru sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tà á."

Fuad rántí Mọ́ńdè, ó rántí Fàsílátù àti ọ̀sà. Ọkọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ó dá a lójú. Ta ni yóò ta ọkọ̀ fún ẹni tó fẹ́ jẹ́ kí wọ́n dáná sun àbúrò rẹ̀?

"Mi ò lè tà á fún ọ níbí," ni ìyá náà wí, bí ẹni tó gbọ́ èrò rẹ̀. "O mọ̀ ọ́n wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n wà dáadáa, mà."

"Wà wá lọ sílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó jó ìjókòó náà wà lẹ́bàá ilé mi, òun nìkan ni mo lè gbà kó gé e. Bí o bá wà wá délé láìjẹ́ kí n pariwo, san owó rẹ, ẹni náà á tú ìjókòó náà fún ọ nírọ̀lẹ́, wàá sì gbé ọkọ̀ rẹ padà lọ́la. Bí mo bá pariwo, wọ ọkọ̀ èrò padà wá."

"Ṣùgbọ́n, mà, orúnkún mi..."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ mọ̀ pé kò ṣeé tì sẹ́yìn. Ká rí bí o ṣe máa yanjú ìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni Fuad ṣe ká ara rẹ̀ wọ ibi ìjókòó awakọ̀, orúnkún rẹ̀ kan gba òsì sítíárì, èkejì gba ọ̀tún. Ìyá náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò lórí itan, Samson jókòó sẹ́yìn lábẹ́ ìkọ́. Ní Pedro, Fàsílátù, tó ń darí bọ̀ láti Ìlàjẹ pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí, rí wọn. Ó la ẹnu sílẹ̀. Fuad fẹ́ juwọ́ sí i, orúnkún rẹ̀ tẹ fèrè, agbọ̀n fẹ́ẹ̀ bọ́ lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Rọra," ni ìyá náà wí. Kò pariwo.

Wọ́n já sí Gbàgádà, wọ́n gba títì márosẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, ìyá náà ń sọ bí wọ́n ṣe ń wà á fún un: yẹra fún kòtò yẹn, má sáré fa jíà, ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ni kí o máa rò. Lẹ́yìn tí wọ́n kọjá Ọ́jọ́ọ̀ta, ohùn rẹ̀ fà, ó sì dákẹ́. Fuad ń retí ariwo. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Samson na ọrùn síwájú, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí: "Ó ti sùn. Láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ yìí, mi ò rí i kó sùn nínú rẹ̀ rí."

Orúnkún òsì Fuad ń yún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ gbọ̀n, ìka rẹ̀ fẹ́ lu sítíárì, ó sì fẹ́ yíjú wò bóyá lóòótọ́ ló sùn. Kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ó jókòó bí wọ́n ṣe jó ìjókòó náà, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó sì ń rọra wà á lọ.