Òkúta Funfun, Òkúta Dúdú

Níwájú ẹnubodè ọgbà wáyà, Drora yọ aago ọwọ́ kejì jáde nínú àpò, ó so ó mọ́ ọwọ́ òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ó sì dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan gééré. Ó gbé e sétí. Ogójì ọdún ló fi tún aago ṣe ní ìlú Kfar Saba kó tó fẹ̀yìn tì, ìró kékeré yẹn sì máa ń dùn mọ́ ọn títí di òní. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó fa ìlà méjì sí i: aago sójà, aago abúlé.

"Aago méjì lọ́wọ́ ẹnì kan!" Ìyá Rawhi ló sọ̀rọ̀, níbi tó jókòó sí lórí àpò ólífì rẹ̀. "Ṣé ọ̀kan ò tó yín ka ìyà ni, Ìyá Aláago?"

"Abúlé yín ti dá aago padà ní wákàtí kan fún ìgbà òtútù lóru àná, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Tiwa àti ti àwọn sójà wa di òru òní. Fún òní Sátidé nìkan, ẹ fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa."

"Ẹ ṣeun, olùkọ́! Bí mi ò bá mọ̀, kí ni mo wá ń ṣe níbí ní aago mẹ́ta abúlé, tó jẹ́ mẹ́rin tiyín?"

Kò parọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó tó wà níwájú ẹnubodè ni pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni sójà yóò ṣílẹ̀kùn, wọn yóò sì tì í ní mẹ́rin ààbọ̀. Oko wà níhìn-ín, abúlé wà lọ́hùn-ún, ọgbà wáyà ló là wọ́n láàárín. Àgbẹ̀ tí kò ní ìwé àṣẹ kò lè kọjá, èyí tó bá sì pẹ́ dé, wọ́n lè gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Drora àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pín ọjọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, láìgbowó, tí wọ́n ń wá kọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí àti ìgbà tó tì.

Ìyá Rawhi ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ó dìde, ó tọ òjìji òpó pátákó náà dé ṣóńṣó rẹ̀, ó sì fi òkúta funfun kan lé ibẹ̀. Bó ti ń ṣe lójoojúmọ́ ìkórè nìyẹn: funfun nígbà tó bá dé, dúdú nígbà tí sójà bá dé láti ṣílẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, láyé ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ń fi òjìji pín omi ìsun fún oko ara wọn. Drora fẹ́ràn aago òkúta yìí gan-an. Aago tí kò ní eyín nínú, kí ni yóò kán nínú rẹ̀?

Wọ́n dúró. Aago mẹ́rin kọjá, mẹ́rin ààbọ̀ kọjá. Ó ti di márùn-ún lórí aago sójà kí jíìpù tó dé. Nevo, sójà ọmọ ogún ọdún, bẹ́ sílẹ̀.

"Aago mẹ́rin gééré," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa sọ pé mo pẹ́ lónìí."

"Aago márùn-ún ni, ọmọ mi," Drora dá a lóhùn. "Jẹ́ n wo fóònù ẹ. Ṣó o rí i? Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé ló gbá a mú, kì í ṣe tiwa. Aago tiwọn ló ń gbé jáde fún ẹ."

Àwọn àgbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Rawhi bẹ̀rẹ̀, ó fi òkúta dúdú sí ṣóńṣó òjìji. "Fóònù ẹ ti di ọmọ abúlé wa! Tètè lọ gba ìwé àṣẹ fún un, kí wọ́n má baà dá a dúró."

Ojú Nevo pọ́n. Rédíò ké lẹ́yìn rẹ̀: bárékè fẹ́ mọ ohun tó dé tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ó wo fóònù rẹ̀, ó wo àwọn àgbẹ̀.

"Àwọn ló pẹ́ dé láti oko," ó sọ sínú rédíò. Ló bá na ọwọ́ sí Ìyá Rawhi. "Mú ìwé ẹ wá, ìwọ ẹlẹ́nu." Ó gbà á, kó tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn.

Igi ólífì mẹ́tàdínláàádọ́ta ni obìnrin náà ní lóko, ogún péré ló sì ti ká. Òjò àkọ́rọ̀ ò ní pẹ́ dé. Èso tí òjò bá gbọ̀n sílẹ̀ ti di ti eèrà.

Lọ́jọ́ Àìkú, Drora pe ọ́fíìsì tó ń fún àgbẹ̀ níwèé àṣẹ lẹ́ẹ̀mọkànlá. Nígbà kọkànlá, Shaltiel, ọ̀gá sójà tó wà níbẹ̀, mí kanlẹ̀. "Màmá, bí mo bá wá, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n sinmi?"

"Aago mẹ́ta ọ̀la," Drora ní. "Ẹ má pẹ́."

Shaltiel dé lọ́jọ́ Ajé. Aago méjèèjì ti bára mu wàyí, nítorí aago sójà náà ti padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ó ka ìwé àkọsílẹ̀ Drora, ó pa á dé.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹni tó mú gègé lè kọ ohun tó wù ú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí mo fi pè yín kẹ́ ẹ wá wo ohun tí mi ò kọ nìyẹn."

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o!" Ìyá Rawhi ti di wáyà mú lódìkejì. "Ẹ yẹsẹ̀! Òkúta mi nìyẹn!"

Shaltiel yẹsẹ̀ kó tó rántí pé òun ni ọ̀gá. Òkúta tò lẹ́sẹẹsẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, méjì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Láàárín funfun àti dúdú, ìgbésẹ̀ kan ni, tó bá pọ̀ jù, méjì. Ti Sátidé nìkan ló jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́jọ.

"Obìnrin yìí lè ti sún un," ó ní.

"Kí n fi kí ni sún un?" Ìyá Rawhi ké. "Láti Sátidé nìwé mi ti wà lápò yín. Ṣé ọwọ́ mi gùn láti abúlé débẹ̀ ni?"

Drora tọ́ka sílẹ̀. Ṣóńṣó òjìji ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òkúta funfun ti Sátidé. "Mẹ́ta òní ni mẹ́rin Sátidé. Oòrùn ò dá tiẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tó máa dé ọ̀dọ̀ dúdú."

Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi wò ó. Shaltiel kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀ wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òjìji bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò. Òjìji kan òkúta dúdú ní aago mẹ́rin, bí jíìpù Nevo ṣe ń dúró.

"Lọ́jọ́ Sátidé," Shaltiel bi Nevo, "níbo ni òjìji yìí wà nígbà tó o dé?"

Nevo wo ilẹ̀. Ó wo Drora tó ti ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀, tó ń dúró.

"Ibẹ̀ yẹn náà ni, ọ̀gá. Fóònù mi ló ní mẹ́rin."

Shaltiel yọ ìwé àṣẹ náà, ó sì nà án kọjá nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. "Kó o kó òkúta ẹ kúrò lójú ọ̀nà o."

"Òkúta ò gba ìwé àṣẹ," Ìyá Rawhi dá a lóhùn. Ó yẹ ìwé rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn.

"Ẹ ò tiẹ̀ ní dúpẹ́?"

"Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jí bàtà ẹ̀, tó wá dá ẹsẹ̀ kan padà? Ọjọ́ méjì tí mi ò fi dé oko mi dà? Ìyá Aláago, ẹ kọ ọ́: ọjọ́ méjì."

Drora kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Rawhi wọ oko pẹ̀lú àkàbà lórí. Nígbà tó padà dé ẹnubodè nírọ̀lẹ́, àpò mẹ́fà ló wà lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ àti lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tó so mọ́ ọn. Igi mẹ́ta ti mọ́ féfé. Ó tọ òjìji dé ṣóńṣó, ó gbé òkúta funfun kalẹ̀. Kò tíì nàró tán tí jíìpù fi dé. Nevo so aago ọwọ́ mọ́wọ́; ó wò ó, ó ṣílẹ̀kùn.

Kò sáyè fún ìgbésẹ̀ kankan. Ìyá Rawhi gbé òkúta dúdú ka orí funfun.

"Aago mẹ́rin," Drora kà jáde bó ti ń kọ ọ́. "Ìlà méjèèjì."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Màá wà níbí lọ́la."

Ìyá Rawhi gbọn àpò aṣọ rẹ̀. Òkúta méjì dún nínú rẹ̀. Ó fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó sì gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, ó rọra ń rìn bí ẹni tó ń wọ inú ilé ara rẹ̀.